Ẹrù Òmòòkùn

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní oṣù kejì ọdún 1988, Alfa Saifudeen pe gbogbo agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa àṣẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó ní Raliat, ọmọ àbúrò òun tó ti dolóògbé, ti gba lẹ́tà láti Mòńbásà ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Wọ́n fẹ́ fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ níbẹ̀, kó lè di olùkọ́ àwọn tó ń mòòkùn nínú òkun. Ó ní òun ti bá a sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu òun, kò gbọ́.

"N kò ní dè é mọ́lẹ̀," Alfa wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ẹ má gbé e rù ú, ẹ má sọ̀ ọ́ fún un, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò gbé e dé ibì kankan. Bó bá lè dá a gbé, kó máa gbé e lọ. Bí kò bá lè dá a gbé, kó jókòó."

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ru ẹrù yóò mọ bí àṣẹ náà ti le tó. Orí la fi ń ru ẹrù tó bá wúwo, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ń gbé e dé orí. Kò sí bí èèyàn ṣe lágbára tó, bí kò bá rí ẹni gbé e rù ú, ilẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ máa wà.

Raliat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hajarat, ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Màá dá a gbé."

"Èwo nínú rẹ̀? Ṣé àpótí tí mo rí nínú yàrá ìyá ẹ lánàá? Ọkùnrin méjì ló máa gbé ìyẹn."

"Màá dá a gbé, Bàbá."

Hajarat ń wo ilẹ̀.

Kì í ṣe pé Raliat ń wá òkìkí. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí Anas, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, lọ wẹ̀ nínú odò Ọ̀bà tí kò padà wálé. Anas jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tí wọ́n jọ lọ rí ibi tó rì sí, wọ́n ń nàka sí i. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò sáré wá sétí odò. Wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tọ omi, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọ ibi tó jìn. Ọjọ́ kẹta ni omi fúnra rẹ̀ gbé e jáde ní ìsàlẹ̀ odò. Bàbá wọn kò lò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni Raliat ń rò: ibi tí wọ́n ń nàka sí yẹn kò jìnnà. Kò jìn tó láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ìdí kànga.

Nígbà tó jáde ilé ìwé, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Èkó, ó kọ́ tàípù, ó sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní Àpápá tó ń fọ ìdí ọkọ̀ ojú omi, tó sì ń yọ ohun tó bá rì sínú ọ̀sà. Ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Stephen ni olórí àwọn òmòòkùn ibẹ̀. Odindi ọdún kan ni Raliat fi bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ òun níṣẹ́ náà. Stephen kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀bẹ̀ náà sú u, ó ju kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sínú adágún omi tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn, ó ní bí Raliat bá lè mú un jáde, òun á kọ́ ọ. Raliat kò tíì mọ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa nígbà yẹn. Ó mu omi yó bí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Stephen fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí iléèwé òmòòkùn ní Mòńbásà nítorí rẹ̀. Òun náà ló kó àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ tirẹ̀ fún un pé kó máa lò wọ́n, Raliat sì kó wọn bọ̀ wálé nígbà tó wá dágbére.

Àwọn irinṣẹ́ yìí ló wà nínú àpótí tí Alfa rí. Àpótí irin bàbá Raliat ni, èyí tí bàbá náà rà nígbà tó ń lọ ṣòwò ní Tàmálè ní ilẹ̀ Gánà. Àgbá afẹ́fẹ́ tí òmòòkùn ń gbé pọ̀n wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì tí wọ́n to òjé sí kó lè fa èèyàn sísàlẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ rọ́bà wà níbẹ̀, àti bàtà rọ́bà gígùn méjì tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, pẹ̀lú àwọn ohun èlò mìíràn. Lọ́jọ́ kejì àṣẹ Alfa, Raliat gbìyànjú láti gbé àpótí náà. Ó gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó sì tún gbé e kalẹ̀. Ó jókòó lé e lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó ń gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé Takie, níbi tí Rose ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Rose, iléèwé kan náà làwọn méjèèjì jọ lọ. Òṣùwọ̀n irin ńlá kan wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Raliat tún padà lọ fa àpótí náà wá lófìfo. Nígbà tí wọ́n to ohun gbogbo sórí òṣùwọ̀n, Rose wo nọ́ńbà tó yọ, ó súfèé.

"Kílò mọ́kàndínláàádọ́ta! Ráliátù, ṣé ilé ìyá ẹ lò ń kó lọ ni?"

"Ogún kílò ni wọ́n gbà fún mi nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹrù ọwọ́ nìkan ni wọn ò kà mọ́ ọn."

"Nígbà náà kí lò ń wá? Máa fi sílẹ̀. Mú lẹ́tà yẹn wá ká tún un kà."

Wọ́n jókòó sórí àpò kajú, wọ́n ń ka lẹ́tà náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Mòńbásà kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé àwọn ní àgbá afẹ́fẹ́ àti òjé. Ohun tó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ara akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kó mú wá: awò ojú, bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, aṣọ rọ́bà, jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó, àti ẹ̀rọ ìmí, èyí tí òmòòkùn ń há sẹ́nu láti fi fa afẹ́fẹ́ inú àgbá.

"Wọ́n ní àwọn ní in, ìwọ sì fẹ́ gbé e lọ fún wọn," Rose wí. "Ta ló ń ru omi lọ sódò?"

"Ti Ọ̀gá Stephen ni. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé bí mo bá mú ti ara mi dání, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ fún mi níbẹ̀ pé kò sí fún obìnrin."

Rose ká lẹ́tà náà. "Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, o máa bá wọn jà níbẹ̀. Má tíì máa gbé ìjà náà lọ láti ilé."

Wọ́n gbé àgbá àti òjé kúrò. Ó ku kílò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Rose fi ẹsẹ̀ kan àpótí irin náà, ó ró gbàn-ùn. "Èmi tí mò ń ra kajú, mi ò kì í wọn àpò mọ́ ọn. Àpótí yìí nìkan tó kílò méje. Òun ló ń jẹ ẹ́ níyà."

"Bàbá mi ló ni ín."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó dúró de ìyá ẹ nílé."

Bí Raliat ṣe dé ìsọ̀ Bàbá Nùrẹ́nì ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe nídìí ilé wọn láti ìran dé ìran, gàárì ẹṣin ni Bàbá Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ṣùgbọ́n ẹṣin ti dínkù nílùú. Tìmùtìmù àti àpamọ́wọ́ ló kún ìsọ̀ rẹ̀, gàárì kan ṣoṣo ló so kọ́ ara ògiri, eruku sì ti bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," Raliat kí i. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé irú àpò tó fẹ́: èyí tí òun lè gbé kọ́ ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Bàbá Nùrẹ́nì mi orí pé òun gbọ́. "Kò le. Awọ màlúù ni àbí ti ewúrẹ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fẹ́ awọ. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí ọkọ̀ ni mo fẹ́."

Ọkùnrin náà gbé abẹ́rẹ́ ńlá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "O wá sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ, o ní kí n má lo awọ. Ṣé bí o bá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wàá ní kó má fọwọ́ kan irin?"

"Awọ wúwo, Bàbá. Bí omi òkun bá sì kàn án, á tún wúwo sí i, á máa rùn."

"Máa lọ bá àwọn tó ń rán àpò gààrí."

"Mo ti bá wọn. Wọ́n rán ọ̀kan fún mi, okùn rẹ̀ já lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ bí ẹrù ṣe ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀dá alààyè ni kí n wá lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n darúkọ."

Bàbá Nùrẹ́nì dìde, ó fi ọwọ́ nu eruku ara gàárì tó wà lára ògiri. "Ẹrù kì í pa ẹṣin," ó wí. "Ibi tí ẹrù bá jókòó sí ló ń pa á. Dìde. Yíjú sẹ́yìn."

Ó fi okùn wọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí. Ó ní kó gbé àpò tó ti bàjẹ́ náà pọ̀n kó máa rìn lọ, kó máa rìn bọ̀. Ó ní, "O rí i, èjìká ẹ lo fi ń gbé e. Èjìká kì í ṣe ibi ẹrù. Ìbàdí ni agbára obìnrin wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọmọ, ẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bí bàbá àti ọmọ. Raliat gbà kí ó fi awọ ṣe okùn èjìká méjèèjì, kí ó sì kó òwú sínú wọn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí kò ní já. Bàbá Nùrẹ́nì náà gbà pé kí ara àpò jẹ́ tapólì, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ àwọ̀n apẹja, kí omi lè máa ro jáde, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé. Òun ló dá a lábàá pé kí ọ̀já gbòòrò kan wà tí Raliat yóò fi di ẹrù mọ́ ìbàdí, bí wọ́n ṣe ń di gàárì mọ́ ikùn ẹṣin.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi gbé?" ó bi í nígbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ.

Raliat sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ti Alfa pẹ̀lú. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó kàn ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àpò náà wà lórí ẹní, ó fúyẹ́ bí ẹní tí wọ́n ká. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Nùrẹ́nì le.

"Ẹnì kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá," ó wí. "Ó ní Alfa kan ló rán òun wá. Ó ní kí n má fún ẹ ní àpò yìí, pé ọmọ tó ń ṣe àfojúdi ni ẹ́, pé Mùsùlùmí bíi ti òun ni mí, mo gbọ́dọ̀ ran òun lọ́wọ́."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó kí Alfa fún mi. Mo ní, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gàárì fún ara mi, bàbá mi ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò dára, pé kí n lọ máa ṣe àpamọ́wọ́. Mi ò gbà. Ogójì ọdún nìyí. Mo ní kó sọ fún Alfa pé ẹni tó bá lé ẹni tó nílò iṣẹ́ mi kúrò nílé mi, iṣẹ́ mi ló ń lé." Ó ti àpò náà sí i. "Gbé e pọ̀n, kí n wò ó."

Láti ọjọ́ náà ni Raliat ti ń dì í tó ń tú u. Ó kọ́kọ́ sá aṣọ rọ́bà sí atẹ́gùn títí gbogbo ọ̀rinrin fi kúrò lára rẹ̀, nítorí omi tó bá fara pamọ́ sínú aṣọ náà, ẹrù lásán ni. Ó fi bàtà ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ méjèèjì lé ibi tó kan ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè tẹ́, ó ká aṣọ rọ́bà sí àárín wọn, ó sì ki ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ sínú bàtà kékeré tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ìmí àti awò ojú kò wọ inú àpò ńlá rárá. Stephen ti kìlọ̀ fún un: ohun tí ẹ̀mí rẹ bá rọ̀ mọ́, má ṣe fi í sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò jù ú sínú ọkọ̀. Ó fi ìbòrí méjì wé wọn, ó kó wọn sínú àpamọ́wọ́ kan. Tọ́ọ̀ṣì ńlá kò lọ, ọ̀bẹ kejì kò lọ. Aṣọ mẹ́rin tó fẹ́ mú di méjì. Nígbà tó tún gbé e dé orí òṣùwọ̀n Rose, kílò mọ́kàndínlógún ni.

Ní ìdájí, ó máa ń gbé e pọ̀n, á rìn láti Takie dé ojú ọ̀nà Ìlọrin, á sì padà. Àwọn kan ń pè é ní ahun tó ń gbé ilé kiri. Obìnrin kan ní orí rẹ̀ ti dàrú láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Raliat kí i kú àárọ̀, ó ń lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó fẹ́ lọ, Alfa Saifudeen ti jókòó sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ará ilé ti jáde, wọ́n dúró káàkiri àgbàlá.

"Tú u," Alfa wí. "Mo fẹ́ rí ohun tó ń ti ilé mi jáde."

Raliat tú u. Ó tẹ́ ẹní, ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàpò tàpamọ́wọ́. Alfa fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ gbé aṣọ rọ́bà sókè.

"Ohun tí wàá wọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin nìyí? Ọmọ Mùsùlùmí?"

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa. Ó bo ọrùn, ó bo apá, ó bo ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Èyí bo orí." Ó mú fìlà rọ́bà sókè. "Kí ló kù tí mi ò bò?"

"Ẹnu ẹ ló kù," Alfa wí.

Raliat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹ̀rọ ìmí láti inú ìbòrí. "Èyí ló ń bo ẹnu, Bàbá."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kí ẹni náà tó fọwọ́ bo ẹnu, àwọn mìíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Ojú Alfa pọ́n. Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Raliat, ó fi í sínú àpò agbádá rẹ̀.

"Ó dáa. Èyí kò ní lọ. Kó ìyókù, kó o máa gbé e lọ."

Ẹ̀rín dá. Raliat kò lè fi ọwọ́ gbà á lára ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró, kò kúnlẹ̀.

"Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ o, Bàbá," ó wí. "Bẹ́ ẹ bá gbà á, màá lọ láìsí i. Tí mo bá débẹ̀, màá yá ti ẹlòmíràn lò. Ṣùgbọ́n màá lọ."

Ìgbà yẹn ni Hajarat ti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ tí Alfa ti pàṣẹ, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìrìn àjò náà. Àwọn abọ́ tánganran tó ń tà ló ń nù láràárọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Alfa," ó wí, "ẹ dá a padà fún un."

"Hajarat, ìwọ náà?"

"Èmi náà kò fẹ́ kó lọ. Mi ò sùn dáadáa láti oṣù tó kọjá. Bó bá jẹ́ ti ọkàn mi ni, ọ̀dọ̀ mi níbí ni ọmọ yìí ì bá wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni Anas fi wà nínú odò. Gbogbo yín dúró sétí omi. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló wọlé?"

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ń wo ẹsẹ̀ wọn.

"Mi ò bú yín," Hajarat wí. "Ẹ̀rù ń bà yín, ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ẹ̀rù tiyín dínà fún ẹni tí ẹ̀rù ò bà."

Alfa Saifudeen yọ ẹ̀rọ náà láti inú àpò, kò fi lé Raliat lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀ sí etí ẹní. Ó ní, "Àṣẹ mi ṣì dúró."

Raliat dì í padà, kò kánjú, ohun kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Nígbà tó fa okùn ẹnu àpò pa, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e fún un. Raliat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Ìyá. Wọ́n ní kí n dá a gbé."

Ó lóṣòó, ó ti apá kan bọ okùn, ó ti èkejì bọ̀ ọ́, ó fa ọ̀já dì mọ́ ìbàdí. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó dìde. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ díẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin. Ó kí Alfa, "Ó dàbọ̀, Bàbá," ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá jáde. Hajarat ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ òfìfo.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ ní Takie, ọmọ ọkọ̀ kan sáré wá láti gba ẹrù náà. Raliat fà sẹ́yìn.

"Jẹ́ kó gbé e," ìyá rẹ̀ wí. "Àṣẹ ilé wa ò dé gáréèjì."

Raliat bú sẹ́rìn-ín, ó tú ọ̀já. Rose ti wá síbẹ̀ láti sìn ín. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sọ̀rọ̀ títí dírẹ́bà fi fọn fèrè.

Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí òṣùwọ̀n wo nọ́ńbà tó yọ, ó ní, "Mọ́kànlélógún. Yọ kílò kan."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni."

"Ìwọ wò ó fúnra ẹ."

Raliat tú ẹ̀gbẹ́ àpò. Nínú àwọ̀n, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó bá abọ́ tánganran kékeré kan tó ní ìdérí, wọ́n fi okùn dì í. Àádùn àti kókóró ló kún inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ki í bọ̀ ọ́ ní Takie nígbà tí òun ń bá Rose sọ̀rọ̀.

"Ju ìyẹn sílẹ̀, ó parí," òṣìṣẹ́ náà wí.

"Mi ò ní jù ú sílẹ̀."

"Ìlà ń gùn lẹ́yìn ẹ, arábìnrin. Níbo ni ọkọ ẹ wà? Kó wá gbé e padà lọ sílé."

"Èmi ni mo ni ẹrù mi," Raliat wí. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ki í bọ àpamọ́wọ́. Ó yọ bàtà rọ́bà kékeré jáde, ó wọ̀ ọ́. Ó yọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó, ó gbé e wọ̀ sórí bùbá rẹ̀, ó fa gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ dì. Ó mú fìlà rọ́bà, ó dé e sórí ìbòrí. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń pe ara wọn wá wòran. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ní, "Arábìnrin, ṣé ìkún omi ń bọ̀ ni?"

"Bó bá dé," Raliat wí, "ẹ máa wá mi kiri."

Ó gbé àpò padà sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rìndínlógún. Òṣìṣẹ́ náà fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Báyìí ni Raliat ṣe kọjá lọ sínú ọkọ̀ òfuurufú, bàtà rọ́bà ń dún fàtì-fàtì lórí sìmẹ́ǹtì, orí rẹ̀ sókè.

Ó lo oṣù mẹ́ta ní Mòńbásà. Ọ̀sẹ̀ kìíní le. Olùkọ́ kan fi í sí ẹ̀yìn gbogbo àwọn ọkùnrin, ó ní kó máa wò wọ́n ná. Ní ọjọ́ kẹta Raliat lọ bá a, ó ní òun kò ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wòran, ó sì wọ omi lọ́jọ́ náà. Ipò kejì ló wà nínú àwọn mẹ́rìnlá tó gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó padà sí Àpápá, Stephen fi àwọn ọmọṣẹ́ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, obìnrin méjì sì wà lára wọn.

Nígbà ọdún Iléyá ló wálé. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó ti fọ́. Àwọn ọkùnrin kan nínú agbo ilé wá ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń bi í bóyá ó lè kọ́ àwọn ọmọ wọn ní lúwẹ̀ẹ́. Ó ní òun yóò kọ́ wọn, pé kí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin wọn náà wá.

Ó lọ kí Alfa Saifudeen níbi tó jókòó sí. Alfa kò bèèrè ohun kan nípa òkun, kò sì bèèrè nípa ìwé ẹ̀rí. Ó wo bátánì etí àdìrẹ tí Raliat ró, ó wo ojú rẹ̀.

"O ti dé?" ó bi í.

"Mo ti dé, Bàbá," Raliat wí. "Mo tún ń lọ."